Òfin Ilé fún Ọfọ̀ Pípè nínú Dungeons & Dragons: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Tí Tábìlì Ò Ní Dà Rú

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń fi ẹnu oríṣiríṣi bi mí lórí Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe lórí tábìlì. "Oṣó inú ẹgbẹ́ wa máa ń pa gbogbo ọ̀tá kó tó kan jagunjagun, kí ni ká ṣe?" "Ṣé a lè pa slot tì, ká máa ná póìǹtì?" "DM wa ní ká máa ju dáìsì ká tó pe ọfọ̀, ṣé ó dáa?"

Ó yá, ẹ jókòó. Gbogbo iye tí mo máa dárúkọ níbí, inú òfin ẹ̀dà karùn-ún tó jáde ní 2014 ló ti wá. Ibi tí àtúnṣe 2024 bá ti yàtọ̀ tó sì ṣe pàtàkì, màá sọ ọ́. Ẹni tí kò bá ní ìwé lè wa SRD 5.1 (ìwé tó kó àwọn òfin pàtàkì eré náà jọ) jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2023 ni wọ́n ti fi í sábẹ́ Creative Commons.

Kí n ti ibẹ̀rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú mi: ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan ọfọ̀, oorun ló jẹ̀bi rẹ̀. Ẹgbẹ́ ja ogun kan, wọ́n sùn, gbogbo slot padà, wọ́n jí, wọ́n ja òmíràn. Ta ni kò ní lágbára bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, oorun la máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ lọ sí póìǹtì, ó máa padà wá.

## Ọ̀rọ̀ mélòó kan kí a lè gbọ́ ara wa

- DM: adarí eré, ẹni tó ń sọ ìtàn tó sì ń ṣe gbogbo ọ̀tá.
- Akọni: ẹni tí olúkúlùkù ń ṣe nínú ìtàn.
- Slot: àyè tí ọfọ̀ ń jẹ. Ẹ pe ọfọ̀ kan, slot kan lọ títí di ìsinmi.
- Cantrip: ọfọ̀ ọ̀fẹ́. Kì í jẹ slot.
- Ìsinmi: gígùn ni oorun tó ń dá gbogbo slot padà, kúkurú ni ìsinmi díẹ̀ láàárín ogun kan sí èkejì.
- Ìpele: ẹ ṣọ́ra níbí. Ìpele akọni yàtọ̀ sí ìpele ọfọ̀. Oṣó tó ti dé ìpele 5 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọfọ̀ ìpele 3 pè. Mo ti rí ìjà tó gba ogójì ìṣẹ́jú tó jẹ́ pé ohun tó fà á kò ju èyí lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀nyí

Kó tó di pé ẹ ṣe òfin tuntun, ẹ wò ó bóyá ẹ ń pa ti inú ìwé mọ́.

- [ ] Ṣé ẹ ń ka wákàtí? Ìsinmi gígùn kan ṣoṣo ni ìwé gbà láàárín wákàtí 24. Ẹgbẹ́ tó jí láàárọ̀, tó jagun ní aago mẹ́wàá, kò lè padà sùn ní aago mọ́kànlá kó sì gba slot.
- [ ] Ṣé ọgbẹ́ ń ba ìpọkànpọ̀ jẹ́? Oṣó tó ń di ọfọ̀ kan mú lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ju dáìsì Constitution (okun ara rẹ̀) nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣe é léṣe. Iye tó gbọ́dọ̀ bá ni 10 tàbí ìdajì ọgbẹ́ náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.
- [ ] Ṣé Fireball, ọfọ̀ iná tó ń bú gbàù, ń jó ọ̀rẹ́? Ó ń ràn dé ẹsẹ̀ bàtà 20 láti àárín rẹ̀ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn 40 láti etí dé etí. Yàrá tó gba irú iná bẹ́ẹ̀ tí jagunjagun kò sì sí nínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀.
- [ ] Ṣé ọfọ̀ ń dún? Ọfọ̀ tó ní apá ohùn, ẹnu la fi ń pè é kedere. Ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé kò lè máa pè é nínú ọkàn.
- [ ] Ṣé ọwọ́ oṣó kan ṣófo? Idà lọ́tùn-ún, asà lósì, ọwọ́ wo ló fi ń ṣe àmì?

Tí èyí tó ju méjì bá jẹ́ "rárá", ẹ tún wọn ṣe fún ìjókòó méjì kí ẹ tó ka ìyókù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò òfin ilé kankan mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ẹ̀dùn náà ní gbólóhùn kan

"Ọfọ̀ ti lágbára jù" kì í ṣe ẹ̀dùn, ìbínú ni. Ẹ bi ẹni tó ń ráhùn: ọjọ́ wo? Ọfọ̀ wo? Kí ló bà jẹ́ fún ọ? Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin:

1. Ogun ń parí kó tó kan àwọn yòókù. Ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ pẹ́.
2. Slot ń dà mí lórí rú: mo ní ọ̀kan ti ìpele 1 tí n kò fẹ́, mo ń wá ti ìpele 3. Ọ̀nà A nínú Ìgbésẹ̀ 3 wà fún un.
3. Idán kò ní ìbẹ̀rù nínú, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ bọ́tìnì. Ọ̀nà B tàbí C.
4. A ń jiyàn ní gbogbo ìgbà lórí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ 4.

Ẹ kọ gbólóhùn náà sí òkè ìwé. Òfin tuntun tí kò bá fọwọ́ kàn án, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó dùn tó.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tún oorun ṣe

Ìwé adarí ti 2014 fojú bù ú pé ẹgbẹ́ lè kojú ogun 6 sí 8 láàárín ìsinmi gígùn kan sí èkejì. Ta ló ń ja mẹ́jọ? Tábìlì tó ń pàdé fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́ Sátidé, ogun kan ni, ó pọ̀ jù, méjì.

Ẹ wá wo owó tó wà lápò oṣó. Wizard (irú oṣó kan) tó wà ní ìpele 5 ní slot mẹ́rin ti ìpele 1, mẹ́ta ti ìpele 2, méjì ti ìpele 3. Mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ẹni tó ní mẹ́sàn-án fún ogun kan ṣoṣo, ó dájú pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tẹ́tẹ́ ni yóò máa ná an.

Jagunjagun ìpele 5 tó fi idà ńlá ṣá lẹ́ẹ̀mejì, tí agbára rẹ̀ ń fi 4 kún un, ń ṣe nǹkan bí 22 fún ọ̀tá kan, tí méjèèjì bá wọlé. Fireball ń ju dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ: 28 ní ìpíndọ́gba fún ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́, 14 fún ẹni tó yẹ̀ ẹ́. Ọ̀tá mẹ́rin tó ṣù jọ, tí kò sí èyí tó yẹ̀ ẹ́, 112 nìyẹn. Àwọn tó kọ ìwé mọ̀ ọ́n ṣe ni. Wọ́n fún un ní agbára yẹn nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni oṣó lè ṣe é kó tó sùn, ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá fi ìsinmi kúkurú gba slot kan padà. Oorun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ló sọ ẹ̀ẹ̀mejì di àìlóǹkà.

Ẹ yan ọ̀kan:

Oorun ibi ààbò. Ìsinmi gígùn kò sí àfi níbi tí òrùlé, oúnjẹ àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá wà: ilé èrò, ìlú, tẹ́ńpìlì. Oorun inú igbó tàbí inú ihò ilẹ̀, ìsinmi kúkurú ni. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kò nílò ìṣirò, ó sì ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa wá ọ̀rẹ́ ní ìlú tí wọ́n bá dé.

Oorun ọ̀sẹ̀ kan. Ìsinmi kúkurú di wákàtí 8, gígùn di ọjọ́ 7. Inú ìwé adarí ló wà gẹ́gẹ́ bí àṣàyàn, kì í ṣe èmi ni mo dá a. Ó dára fún ìtàn tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí ìrìn àjò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìtàn yín bá jẹ́ ti "ẹ gba ọmọ ọba sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀", ẹ má dán an wò.

Oorun orí ìtàn. DM ló ń kéde ìsinmi gígùn, ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan. Ó wà fún àwọn tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

> Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́: slot Warlock (irú oṣó mìíràn) ń padà pẹ̀lú ìsinmi kúkurú, méjì péré ló sì ní ní ìpele 5. Bí ẹ bá fún ìsinmi kúkurú pa, òun lẹ fìyà jẹ. Ẹ rí i dájú pé ó kéré tán ìsinmi kúkurú méjì wà láàárín gígùn méjì. Èkejì: lábẹ́ oorun ọ̀sẹ̀ kan, ọfọ̀ tó ń gba wákàtí 8, bíi Mage Armor tó ń dáàbò bo ara, kò tó nǹkan mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa pẹ́ títí di ìsinmi gígùn tó kàn.

Ìjókòó mẹ́ta. Bí ẹ̀sùn bá tán lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa ìwé yìí dé, ẹ máa ṣeré yín lọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ọ̀nà kan, kì í ṣe méjì

### Ọ̀nà A: Póìǹtì dípò slot

Oṣó ní àpò kan, ó ń ná an bó ṣe wù ú. Ìwé adarí 2014 ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀:

| Ìpele ọfọ̀ | Iye póìǹtì |
|---|---|
| 1 | 2 |
| 2 | 3 |
| 3 | 5 |
| 4 | 6 |
| 5 | 7 |
| 6 | 9 |
| 7 | 10 |
| 8 | 11 |
| 9 | 13 |

Àpò akọni jẹ́ 4 ní ìpele 1, 14 ní ìpele 3, 27 ní ìpele 5, 38 ní ìpele 7, 57 ní ìpele 9. Láti ọfọ̀ ìpele 6 lọ sókè, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà fún ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sùn.

Ẹ wo 27 yẹn. Slot mẹ́rin ní méjì-méjì jẹ́ 8, mẹ́ta ní mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ 9, méjì ní márùn-ún-márùn-ún jẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀, 27. Owó kan náà ni, wọ́n kàn da gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ọfọ̀ ìpele 3 jẹ́ 5, 5 wọ inú 27 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fireball méjì ti di márùn-ún!

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi ni mo gbé póìǹtì wọ tábìlì wa ní ìpele 5, tí mo ń fọ́nnu pé mo ti rí ojútùú. Ìjókòó àkọ́kọ́, yàrá kan, iná márùn-ún. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ẹni tó ń ṣe jagunjagun ti ń tẹ fóònù rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè dè é:

1. Ẹ fi òdiwọ̀n sí ìpele tó ga jù lọ tí akọni lè pè: iye slot tó yẹ kó ní níbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Ní ìpele 5, Fireball mẹ́ta, ó tán.
2. Ohunkóhun tó bá ń dá slot padà, ẹ yí i sí póìǹtì pẹ̀lú tábìlì òkè yìí. Ẹ má ṣe fún un ní ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀.
3. Sorcerer, irú oṣó mìíràn, ti ní póìǹtì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ya àpò méjèèjì sọ́tọ̀, kí àwọ̀ wọn má jọra.
4. Ẹ má kà á sórí. Ọmọ ayò la fi ń kà á nílé wa: ọpọ́n kan ní 48, ó sì gbé oṣó kan dé ìpele 8, tí àpò rẹ̀ jẹ́ 44. Bó bá pe ọfọ̀, kó da ọmọ ayò sínú ihò, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ìró yẹn nìkan ń jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn le.

### Ọ̀nà B: Ẹ ju dáìsì kí ọfọ̀ tó jẹ́

Ọ̀nà yìí ni àwọn DM fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń tètè bà jẹ́ jù.

Bó ṣe ń lọ: oṣó ju dáìsì olójú 20, ó fi agbára ọfọ̀ rẹ̀ kún un, ó gbọ́dọ̀ bá 10 pẹ̀lú ìpele ọfọ̀. Oṣó ìpele 5 tí Intelligence (làákàyè) rẹ̀ jẹ́ 18 ń fi 7 kún un. Ọfọ̀ ìpele 1 ń fẹ́ 11, yóò jẹ́ ní ìgbà 85 nínú 100. Ìpele 2, ìgbà 80. Ìpele 3, ìgbà 75.

Ó dà bíi pé kò burú, àbí? Ẹ má tíì dáhùn. Fireball tó jẹ́ ní ìgbà 75 ṣì máa bá ọ̀tá tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ pàdé. Bí ọ̀tá bá ń yẹ̀ ẹ́ ní ìdajì ìgbà, kò tó ìgbà 38 nínú 100 tí iná náà máa jó o tán pátá. Jagunjagun ń ju dáìsì kan láti ṣá ọ̀tá. Ẹ ti ní kí oṣó kọjá ẹnu ọ̀nà méjì, ó sì tún ń san slot lórí rẹ̀. Ìjókòó kejì, yóò di ẹni tó ń ta ọrun.

Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà yìí síbẹ̀:

1. Ẹ yọ cantrip kúrò, kí ẹ yọ ọfọ̀ tó ti ń ju dáìsì láti bá ọ̀tá kúrò pẹ̀lú. Ọ̀kan tó fún wọn.
2. Ìyà kan ni ẹ yàn fún àìjẹ́. Bóyá oṣó pàdánù àsìkò rẹ̀ ṣùgbọ́n slot dúró. Tàbí ẹ pa slot tì pátápátá: ọfọ̀ tí kò bá jẹ́ ti tì títí di ìsinmi, èyí tó jẹ́ ṣì wà lọ́wọ́. Bí eré Shadowdark ṣe ń ṣe é nìyí, 10 pẹ̀lú ìpele náà ni wọ́n ń lò. Kí àìjẹ́ gba àsìkò, kó tún gba slot, ìyẹn ti di ìyà àjẹtúnjẹ.
3. Tí dáìsì bá wálẹ̀ ní 1, ọfọ̀ gbòdì. Ẹ ju olójú mẹ́fà:

| Dáìsì | Ohun tó ṣẹlẹ̀ |
|---|---|
| 1 | Gbogbo iná tó wà nítòsí kú, fìtílà àwọn ọ̀tá pẹ̀lú |
| 2 | Ohùn akọni wọlẹ̀. Kò lè pe ọfọ̀ tó ní apá ohùn ní àsìkò rẹ̀ tó kàn |
| 3 | Ọfọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá tún kàn án ló máa ṣẹlẹ̀ |
| 4 | Ọfọ̀ dún jáde. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé mọ ibi tó ti wá |
| 5 | Ó jó akọni lọ́wọ́: dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ìpele ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan |
| 6 | Ó jẹ́ bí ó ṣe yẹ, slot kò sì lọ |

Ẹ lè kọ tiyín. Kí ó ṣáà má pa akọni lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn kì í fi ìdá kan nínú ogún ṣeré pẹ̀lú akọni tó ti tọ́ fún ọdún kan.

### Ọ̀nà C: Ọfọ̀ ń fẹ́ ohun èlò

Ohun èlò Fireball nínú ìwé ni ìgbẹ́ àdán àti imí ọjọ́. Tí ẹ bá ní kí ẹgbẹ́ máa kó ìgbẹ́ àdán kiri, ìjókòó kan la máa fi rẹ́rìn-ín, ìyókù á di ìṣirò ọjà. Ìwé ti gbà kí àpò ohun èlò tàbí ọ̀pá idán dípò gbogbo èyí tí kò ní iye owó. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ní iye owó ni kí ẹ mú le. Nínú ọfọ̀ tó ń jí òkú, Revivify ń jẹ dáyámọ́ńdì 300 owó wúrà, Raise Dead ń jẹ ti 500. DM tó bá ń jẹ́ kí wọ́n fi owó lásán rọ́pò dáyámọ́ńdì ti sọ ikú di owó orí. Òfin tiwa: dáyámọ́ńdì kì í sí lọ́jà kékeré, ẹ gbọ́dọ̀ rí i, kí ẹ rà á tàbí kí ẹ jí i, kó sì wà nínú ẹrù kí ẹnì kan tó kú. Gbólóhùn kan nìyẹn, ó sì ti bí ìrìn àjò mẹ́ta fún wa.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Counterspell, ọfọ̀ tó ń dá ọfọ̀ ẹlòmíràn dúró, ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju Fireball lọ. "Mo pe Hold Person." "Mo dá a dúró!" "O ò tíì mọ ohun tí mo pè nígbà yẹn!" Ẹ to ó báyìí:

1. Ẹni tó fẹ́ pe ọfọ̀, ì báà jẹ́ DM, sọ pé: "Mo ń pe ọfọ̀ kan." Ó dákẹ́.
2. DM ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú. Ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró sọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú slot tó ń ná. Ó gbọ́dọ̀ máa rí ẹni náà, kó sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60.
3. Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó ń pè dárúkọ ọfọ̀, ìpele rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Kò sí ìpadàsẹ́yìn mọ́.
4. Bí wọ́n bá dá a dúró: lábẹ́ 2014, slot ìpele 3 ń pa ọfọ̀ ìpele 3 tàbí èyí tó kéré láìju dáìsì, èyí tó ga ju slot náà lọ, ẹ ju dáìsì sí 10 pẹ̀lú ìpele rẹ̀. Lábẹ́ 2024, ẹni tó ń pe ọfọ̀ ló ń ju Constitution. Bó bá kùnà, ọfọ̀ bàjẹ́ ṣùgbọ́n slot rẹ̀ kò lọ.

Èmi á ní kí ẹ mú ti 2024, kódà bí ìyókù ìwé yín bá jẹ́ ti 2014. Kí àsìkò ènìyàn ṣòfò ti dùn ún tó.

Ẹ fẹ́ kí akọni lè dá ọfọ̀ mọ̀ kó tó pinnu? Òfin àṣàyàn kan tó jáde ní 2017 gbà á: ju Arcana (ìmọ̀ idán) sí 15 pẹ̀lú ìpele ọfọ̀. Ṣùgbọ́n ìfèsì (ohun tí akọni ń ṣe lójú ẹsẹ̀ nígbà tí kò tíì kàn án) ni ìyẹn náà jẹ́, bíi ti Counterspell, ìfèsì kan sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹnì kan á wò ó, á pariwo, ẹlòmíràn á dá a dúró. Ó dùn lórí tábìlì, ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé 2014 kò gba ọfọ̀ onípele méjì ní àsìkò kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wí. Ó ní bí ẹ bá fi ìṣe àfikún (ìṣe kékeré tó ń wá lórí ìṣe gangan) pe ọfọ̀, cantrip tó gba ìṣe kan nìkan lẹ lè tún pè ní àsìkò náà. Ó ń da orí ènìyàn rú. Ti 2024 rọrùn: slot kan ní àsìkò kan. Ẹ mú un.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan

Òfin tí kò sí lákọsílẹ̀, ẹni tó pariwo jù ló ń ni ín. Kó má kọjá ojú ìwé kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú ìjókòó. Àpẹẹrẹ:

> Ẹ̀dùn: Ogun ń parí kó tó kan ẹni mẹ́ta.
> Òfin: Ìsinmi gígùn kò sí àfi níbi ààbò. Oorun ìta jẹ́ ìsinmi kúkurú.
> Ta ló kàn: Gbogbo akọni, gbogbo ọ̀tá tó ń pe ọfọ̀.
> Èyí tó yàtọ̀: Mage Armor ń pẹ́ títí di ìsinmi gígùn.
> Bẹ̀rẹ̀: Ìjókòó tó ń bọ̀. Ìdájọ́: lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta.
> Tí iyàn bá dé: DM dá a lójú ẹsẹ̀, a tún un jíròrò lẹ́yìn eré.

Ìlà kẹta yẹn ni àwọn DM máa ń gbàgbé. Òfin tó bá dè akọni tó sì tú ọ̀tá sílẹ̀, ẹ̀tàn ni wọ́n máa kà á sí, wọn ò sì jẹ̀bi.

## Ohùn wa lórí tábìlì

Ẹnì kan bi mí bóyá akọni lè máa sọ ọfọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó rí àǹfààní gbà fún un. Kí ó sọ ọ́, ó dùn gan-an! Ó bá apá ohùn mu. Nínú ọfọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, a kì í kà á ní slot, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń wá wẹ́rẹ́ sí wa lẹ́nu: "bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ni í gbà á". Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta:

- Àǹfààní orí dáìsì, rárá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yá, tàbí ọmọ Lọ́ńdọ́nù tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, kò yẹ kó máa kùnà nítorí rẹ̀. Ẹ fún ẹni tó sọ ọ́ dáadáa ní àtẹ́wọ́, ó tán.
- Ẹ hun tiyín. Ẹ má gbé ọfọ̀ gidi tí ẹ gbọ́ lẹ́nu baba àgbà wá síbẹ̀, ẹ má sì fi òrìṣà tí ẹlẹ́gbẹ́ yín ń sìn ṣe ọ̀tá láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Béèrè kó tó di ọjọ́ eré.
- Bí ó bá jẹ́ ilé òbí yín lẹ ti ń ṣeré, ẹ ti ṣàlàyé fún màmá kí ó tó gbọ́ "iná, jó wọn!" láti pálọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Wọ́n yọ ìpọkànpọ̀ kúrò. "Ó ń dí wa lọ́wọ́." Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Láìsí i, oṣó kan náà á sáré pẹ̀lú Haste, á fò pẹ̀lú Fly, á di aláìrí pẹ̀lú Greater Invisibility, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn, ẹ kàn yọ dáìsì fún ọgbẹ́ tí kò tó 5.

Wọ́n fọwọ́ kan ọfọ̀ kan ṣoṣo nítorí alẹ́ kan. Fireball dá ogun kan rú, DM sọ dáìsì rẹ̀ di 6 dípò 8. Ìjókòó tó kàn, ọfọ̀ mìíràn, Hypnotic Pattern, ló tún dá a rú. Ṣé ẹ máa gé gbogbo ìwé ni? Ẹ tú ọ̀tá yín ká, kí ẹ má máa tò wọ́n bí akara nínú àwo.

Wọ́n yí òfin padà láàárín ogun. Akọni ti dúró síbi tó dúró sí nítorí òfin àná. Ẹ ṣe tàná parí.

Òfin mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Bí eré bá dùn tàbí tó korò, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìdájọ́, àti bí ẹ ṣe lè mú òfin kúrò

Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta, ẹ ka gbólóhùn òkè ìwé sókè, kí ẹ bi olúkúlùkù, láti orí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀: "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oṣó, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ DM.

Bí òfin bá dúró, ẹ kọ déètì sí i. Bí ẹ bá mú un kúrò, tàbí tó bá yí bí akọni kan ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ẹ fún ẹni tó ni ín láyè láti tún ọfọ̀ rẹ̀ yàn lẹ́ẹ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí pé ó ń tọrọ. Ó yan wọn nígbà tí òfin jẹ́ nǹkan mìíràn. Kó mú ìwé akọni rẹ̀ wá ní ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn yòókù, kí òun àti DM jọ jókòó tì í.